Bí Mo Ṣe Jowú Ìfọ̀kànbalẹ̀ Ọ̀rẹ́ Mi

Ẹ̀yin tí ìwé yìí bá dé ọ̀dọ̀ yín, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti so mí rọ̀ kí ẹ tó kà á. Adájọ́ ti sọ tirẹ̀, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn náà ti fọwọ́ sí i, ohun tó kù ni kí ẹni tó láṣẹ buwọ́ lu bébà kan ṣoṣo. Yàrá tí mo wà kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́rin lọ ní gígùn. Wọ́dà kan tó jẹ́ ará Ìlọrin ló fún mi ní ìwé àti bírò. Ó ní, "Kọ ọ́ sílẹ̀. Bí kò bá wúlò fún ìwọ, ó lè wúlò fún ọmọ ẹlòmíì." N kò ní purọ́ nínú rẹ̀. Kí ni ẹni tó ń lọ ń fi irọ́ ṣe?

Ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ wà níhìn-ín, owó ló gbé wọn dé ibi yìí, tàbí obìnrin, tàbí ọtí. Bí wọ́n bá bi mí léèrè tèmi, ojú máa ń tì mí láti dáhùn. N kò ṣojúkòkòrò sí owó ọ̀rẹ́ mi, n kò sì fẹ́ ìyàwó rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀ ni mo jowú. Mo rí ọkùnrin kan tí nǹkan kì í bà lọ́kàn jẹ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí yóò bà á lọ́kàn jẹ́.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí. Mo kọ́ iṣẹ́ káfíńtà ní Ìlọrin, mo sì gbéra lọ sí Abùjá nígbà tí gbogbo ibẹ̀ ṣì jẹ́ eruku pupa àti katapílà. Ìjọba ń kọ́lé, ilé ń fẹ́ ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ń fẹ́ káfíńtà. Mo fi pákó àti páànù kan ìsọ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Kugbo, mo sì gba yàrá kan ní Karu fún èmi, Múnírá ìyàwó mi, àti Rìsíkátù ọmọ wa. Mo mọ iṣẹ́ mi. Àga tí mo bá kàn, ẹ lè gun orí rẹ̀ jó. Ṣùgbọ́n mo ní inú fùfù. Oníbàárà kan sọ nígbà kan pé ẹsẹ̀ tábìlì òun ń mì. Mo gba tábìlì náà lórí rẹ̀, mo ní kó lọ máa jẹun lórí ẹní.

Ọdún kẹta mi níbẹ̀ ni Dáre dé. Ọmọ Kàbà ni, mo sì fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ. Iṣẹ́ tíṣà ló ń ṣe tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n káfíńtà ni bàbá rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ sì wù ú ju ṣọ́ọ̀kì lọ. Mo fún un láyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Èmi ni mo bá a ri òpó àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Ó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n, kò sì fi ṣe ẹnu lásán. Bọ́sẹ̀ ìyàwó rẹ̀, tó ń rán èèpo tìmùtìmù fún àwọn àga rẹ̀, kì í gbé oúnjẹ rẹ̀ wá kó má bu tèmi sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tó dé ni mo kọ́kọ́ rí ohun tó ń ṣe. Ó jókòó sórí àpótí níwájú ìsọ̀ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò wo ẹnikẹ́ni. Ó pẹ́ níbẹ̀ tó ìgbà tí omi inú kẹ́tùlù máa ń hó.

"Dáre, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ara mi ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé kò sí nǹkan?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún mi pé nígbà tí òun wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà, olùkọ́ àgbàlagbà kan fún òun ní ìwé pẹlẹbẹ kan tí èèpo rẹ̀ ti ya, tó sọ nípa àwọn ọlọ́gbọ́n kan nílẹ̀ Gíríìkì àti Róòmù láyé àtijọ́, tí wọ́n ń pè ní Sítóìkì.

"Wọ́n ní nǹkan méjì ló wà, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀kan wà níkàáwọ́ wa: èrò wa, ìfẹ́ wa, ìṣe wa. Èkejì kò sí níkàáwọ́ wa: òjò, àìsàn, ẹnu ayé, ikú. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ kò lè sinmi."

"Ìyẹn náà ni wọ́n ń pè ní àyànmọ́."

"Rárá o! Ẹlòmíì gbọ́ àyànmọ́, ó káwọ́ gbera. Àwọn yìí ní kí èèyàn kọ́kọ́ ṣe ti ọwọ́ rẹ̀ tán porogodo, kó tó fi ìyókù sílẹ̀."

Bó ṣe ń ṣe é kò le. Láràárọ̀, yóò mú nǹkan kan tó fẹ́ràn wá sí ọkàn rẹ̀, bóyá ayùn rẹ̀, bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, yóò sì sọ fún ara rẹ̀ pé àwìn ni, olówó lè wá gbà á lónìí. Lẹ́yìn náà ni yóò dìde, tí yóò fi inú dídùn mú nǹkan náà lò. Ní ìrọ̀lẹ́, kó tó ti ilẹ̀kùn, yóò ṣí ìwé eléwé púpọ̀ kan, yóò kọ ohun tó ṣe tí kò dára sínú rẹ̀.

"Ìsìn wo wá nìyẹn?" ni mo bi í.

"Kì í ṣe ìsìn. Ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń lọ náà ni mo ṣì ń lọ."

Mo fi í rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ó dọjọ́ kan tí lọ́rì tó kó yanrìn fi ẹ̀yìn rìn wọ iwájú ìsọ̀ Dáre, tó sì tẹ kọ́bọ́ọ̀dù kan tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kàn fọ́ yángá. Dírẹ́bà bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sínú eruku. Bó bá ṣe tèmi ni, n bá ti fi òòlù fọ́ gíláàsì ọkọ̀ náà. Dáre dúró, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ dìde, bọ̀dá. Igi ni. Ẹ̀yin náà kò fara pa, àbí?" Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọn pákó mìíràn. Mo wò ó. Nǹkan kan gún mi láyà bí ìṣó. Mo bi ara mi pé, kí ló dé tí èmi kò lè rí bẹ́ẹ̀?

Nígbà tí mo délé, Múnírá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ẹ kúkú lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ara á tu àwa náà nínú ilé yìí." N kò jẹun lọ́jọ́ náà.

Síbẹ̀, mo lọ bá a pé kó kọ́ mi. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó kan àpótí kékeré kan fún mi. A wá ń jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ara wa láràárọ̀. Ó ní kí n mú nǹkan kan tí mo fẹ́ràn, kí n wò ó bí ẹni pé kò sí mọ́. Mo dijú. Mo gbìyànjú láti mú ìfági mi wá sí ọkàn, èyí tí ọ̀gá mi fi ta mí lọ́rẹ ní Ìlọrin. Kò wá. Ìfági Dáre ló wá. Mo rí i tó ṣẹ́ sí méjì, mo rí Dáre tó di orí mú, ara mi sì tù mí pẹ̀sẹ̀. Mo la ojú. Dáre ń wò mí.

"Ó ti ń wọ̀ yín lára, ẹ̀gbọ́n. Ojú yín ti rọ̀."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ẹ̀yin èèyàn, ìdánwò kékeré tó pa mí nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò rí i. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti jókòó, àdánù Dáre ni mò ń rò. Lónìí, ìsọ̀ rẹ̀ wó. Lọ́la, apá rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo fi oṣù púpọ̀ ṣe é, èmi àti òun, ejìká sí ejìká, tí òun ń mú inú rẹ̀ mọ́, tí èmi ń sọ tèmi di kòtò.

Ọ̀gá kan láti iléeṣẹ́ ìjọba wá sí Kugbo lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ó ń wá ẹni tí yóò kan ọgọ́rùn-ún àga fún gbọ̀ngàn tuntun kan. Ó fọwọ́ pa àga mi, ó ní kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo ìlú náà. Àyà mi fẹ̀. Ó rìn káàkiri, ó bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀, ó sì padà wá bá mi.

"Ọwọ́ tìrẹ ló dára jù. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ oṣù mẹ́fà ni, mo fẹ́ ẹni tí mo lè bá sọ̀rọ̀. Mo ti gbé e fún Dáre. Bá a ṣe é."

Dáre fúnra rẹ̀ sáré wá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ máa ṣe gbogbo ọwọ́ àga. Ta ló tó yín nídìí rẹ̀?" Ó fún mi ní ọ̀kan nínú kọ́kọ́rọ́ méjì ìsọ̀ rẹ̀, nítorí pé èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dé láàárọ̀.

Mo gbà á. Mo wá di ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹni tí mo bá ri òpó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí mo ti ń rò. Àtè tí kò tó ni mo fi sí oríkèé àga kan kó lè yẹ̀. Dáre rí i, ó tún un ṣe. Mo tọ ọ̀gá náà lọ, mo sọ fún un pé pákó tútù ni Dáre ń lò. Ọ̀gá fi ìbínú dé, ó bú Dáre níwájú gbogbo Kugbo. Dáre gbé àga kan tó ti parí, ó fi òòlù fọ́ ọ, ó fi inú igi tó gbẹ táútáú hàn án. Ọ̀gá tọrọ àforíjì. Nígbà tó lọ tán, Dáre sún mọ́ mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹnì kan ló lọ sọ ọ́. N kò fẹ́ mọ onítọ̀hún."

Ó ń wo ojú mi bó ti ń sọ ọ́. Bó bá gbá mi létí ni, bóyá n bá wà láàyè di arúgbó.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tó lọ ra fáníìṣì ni mo yọ́ mú ìwé eléwé púpọ̀ náà níbi tó máa ń fi sí. Mo rò pé n óò rí àṣírí rẹ̀. Ní ojú ewé kan, mo ka èyí: *Lónìí, mo jowú ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ dára ju tèmi lọ títí ayé. Mo jókòó tì í, mo yìn ín fún oníbàárà mẹ́ta, owú náà sì lọ.* Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ẹni tí mo ń jowú ti jowú mi rí! Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín, kí n jáde lọ dì mọ́ ọn. Èyí tó bí mi nínú ni pé ó rí tirẹ̀ bọ́ sílẹ̀ bí ẹni bọ́ fìlà, tèmi sì ti di awọ ara mi. Mo ṣí iwájú sí i. Ó kọ ọ́ pé: *Mo ti lè fi gbogbo nǹkan sílẹ̀ nínú ọkàn mi, àfi Bọ́sẹ̀. Bí mo bá dé orí rẹ̀, mo máa ń dìde lórí àpótí.*

Mo búra fún yín, n kò pète àtipa Bọ́sẹ̀. Àwọn àga náà ni mo pète. Mo ní bí iṣẹ́ oṣù mẹ́fà bá di eérú lójú rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ sì bàjẹ́ lọ́dọ̀ ìjọba, n óò rí i kó sunkún, kí èmi náà lè sinmi.

Ọjọ́ Àìkú ni. Ọ̀sán ni, ọyẹ́ mú, gbogbo igi gbẹ. Ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ wá kó àwọn àga náà, àwọn Kìrìsìtẹ́nì sì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo dé pẹ̀lú ìgò kẹrosíìnì kan nínú àpò. Mo rí i pé àgádágodo kàn fì lórí ìkọ́ ilẹ̀kùn ni, wọn kò tẹ̀ ẹ́. Mo rò pé Dáre gbàgbé. Mo tẹ̀ ẹ́ pa, kí ẹnikẹ́ni má baà ráyè gbé àga kankan jáde. Mo yí sẹ́yìn, mo da kẹrosíìnì sórí àwọn èérún igi tó wà lẹ́bàá ògiri, mo ṣáná sí i. Ó gbà lójú ẹsẹ̀.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ tí wọ́n ń lu ilẹ̀kùn látinú.

Bọ́sẹ̀ ni. Ìsìn àárọ̀ ló lọ, ó sì wá parí èèpo tìmùtìmù mẹ́ta tó kù, ó ń fi ọwọ́ rán an títí oorun fi gbé e lọ lórí fóòmù. Mo sáré wá síwájú. Ó fi ojú kan ibi tí pákó ti là.

"Bàbá Rìsí! Ọlọ́run ló rán yín! Ẹ̀yin lẹ ní kọ́kọ́rọ́ kejì, àbí? Ẹ yára, iná ń jó lẹ́yìn!"

Mo mú kọ́kọ́rọ́ jáde. Mo ti fi kan ojú àgádágodo náà. Ni mo wá rò ó pé bó bá jáde, yóò béèrè ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ òun. Ọwọ́ mi dúró. Mo sì gbọ́ ohùn ara mi nínú orí mi, tó ń sọ̀rọ̀ bíi Dáre: iná ti ràn, kò sí níkàáwọ́ rẹ mọ́, fi sílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà láàárín ìka mi méjì, mo sì sọ pé kò sí níkàáwọ́ mi! Mo dá a padà sínú àpò. Mo fi ẹ̀yìn rìn títí mo fi dé etí títì.

Ó tún pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. N kò ní kọ ohun tó sọ nígbà kẹta.

Nígbà tí àwọn èèyàn fi máa fọ́ ilẹ̀kùn náà, òrùlé ti já. Dáre sáré dé pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn. Wọ́n dì í mú kó má baà wọ inú iná. Ó ké, ohùn náà kò jọ ti èèyàn. Ó yí gbirigbiri nínú eruku, ó ń bu yẹ̀pẹ̀ sẹ́nu. Mo ti sọ pé n kò ní purọ́. Ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kan, ó dùn mọ́ mi. Ohun tí mo ti ń wá ni mo rí yẹn. Lẹ́yìn náà ni ó rá pálá dé ọ̀dọ̀ mi, ó di ẹsẹ̀ mi mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wà níbí? Ẹ ò gbọ́ ohùn rẹ̀ ni?"

Ìyá Gbàgyí kan, ọmọ ìbílẹ̀ Abùjá, tó máa ń kó ìkòkò amọ̀ láti Kwali wá tà lódìkejì títì, ló dáhùn fún mi. Ó na ọwọ́ sí mi. "Kai! Shi ne! Shi ne!" Ìtumọ̀ Haúsá yẹn ni, "Òun ni, òun ni." Ó fi ọwọ́ ṣàpèjúwe bí mo ṣe mú kọ́kọ́rọ́ jáde, tí mo sì dá a padà. Àwọn èèyàn tú àpò mi. Wọ́n bá kọ́kọ́rọ́ àti ìgò náà níbẹ̀. Dáre tú ọwọ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ṣèèṣì di ejò mú.

N kò jiyàn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ní kóòtù, lọ́yà mi fẹ́ sọ pé n kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà nínú ilé. Ìyá oníkòkò wá jẹ́rìí, adájọ́ sì bi mí bóyá òótọ́ ni ohun tó sọ nípa kọ́kọ́rọ́. Mo ní òótọ́ ni. Múnírá wà lẹ́yìn, ó gbé ìborùn rẹ̀ bojú.

Dáre wá wò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn ìdájọ́. Ó ti gbẹ. Wọ́dà dúró sí àárín wa. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, mo bẹ̀ ẹ́ kó dárí jì mí. Kò pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́.

"Bàbá Rìsí, mo ṣì ń jókòó láràárọ̀. Mo ń sọ fún ara mi pé kí n má kórìíra yín. Títí di òwúrọ̀ òní, n kò tíì lè ṣe é."

"Dáre, jọ̀ọ́."

"Màá tún gbìyànjú lọ́la."

Ó dìde, ó lọ. Mo wá mọ̀ nígbà náà pé ìfọ̀kànbalẹ̀ tí mo jowú, kò bá a wáyé. Iṣẹ́ àṣekára ni. Ó ń fá a díẹ̀díẹ̀ láràárọ̀, bí a ṣe ń fá pákó tó ní kókó, èmi sì rò pé ẹ̀bùn ni wọ́n fún un tí wọ́n fi du èmi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọkùnrin àti obìnrin, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ìlara ò lè ṣe nǹkan kan níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà nínú ọkàn. Inú ọkàn náà ni mo ti dáná sun ilé Dáre nígbà àìmọye kí n tó ra kẹrosíìnì. Bí ẹ bá jókòó láti ronú, ẹ ṣọ́ ohun tó ń dùn mọ́ yín níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ìṣubú ẹlòmíì ni, ẹ dìde kíá, ẹ lọ bá onítọ̀hún, ẹ sọ fún un lójúkojú pé ẹ̀ ń jowú rẹ̀. Ojú á tì yín. Ojú tí ń tini kì í pààyàn.

Rìsíkátù ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án báyìí. Ìyá rẹ̀ ti mú un padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ní wọ́n sọ fún un pé mo rìnrìn àjò. Ẹni tó bá pàdé rẹ̀ tó bá ti dàgbà, kó jọ̀ọ́ sọ òtítọ́ fún un, kó má yọ ìyá tó rí mi lódìkejì títì kúrò, kó má yọ orúkọ Bọ́sẹ̀ kúrò. Kó wá bi í léèrè ohun rere tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní tí ó ń dùn ún lọ́kàn, kó sì jókòó tì í títí yóò fi sọ ọ́ jáde.